Kóòdù yọ lójú ẹ́ńjìnnì bóòtù yín: mítà, fóònù, láptọ́ọ̀pù àbí rìwáyà, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bóòtù, yálà ẹ fi ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí CMS ni o, ẹ fi ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni o, tàbí ti fàájì lásán ni tó ń gbé yín lọ Ìlàṣẹ lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí kì í ṣàdédé kú mọ́, á kọ́kọ́ fariwo, iná pupa á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà kan á sì yọ síbẹ̀, ìyẹn gan-an là ń pè ní kóòdù. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti yọ báyìí, gbogbo ẹni tó wà ní jẹ́tì ló ti di dókítà: eléyìí ní kẹ́ ẹ ra skánà, tọ̀hún ní fóònù yín ti tó, ọ̀gá rìwáyà ní búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ti jó, kẹ́ ẹ lọ wá owó. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sójú kan, ká fi wọ́n wéra, kí kálukú mú èyí tó bá tiẹ̀ mu.

Àkọ́kọ́ nínú ohun tí mo fi ń díwọ̀n wọn ni irú ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn bóòtù yín, mi ò sì rí èyí tó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Yamaha Enduro tó pọ̀ lójú omi wa yìí, 40 àti 75, two-stroke ni, kábúrétọ̀ ló ń lò, CDI ló ń fi iná sí púlọ́ọ̀gì, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, torí náà kò sí kóòdù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé skánà wá síbi Enduro, ẹ bi í pé ibo ló fẹ́ kì í bọ̀. Four-stroke tó ń fi injẹ́tọ̀ fọ́n epo ló ní búréènì bọ́ọ̀sì, bíi Yamaha F115 àti F200, àtàwọn Suzuki, Honda, Mercury tí wọ́n jọ wà nípò kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, kì í sì í ṣe owó tẹ́ ẹ fi rà á nìkan, owó tẹ́ ẹ ṣì máa máa ná lé e lọ́jọ́ iwájú náà wà níbẹ̀. Ìkẹta ni pé ṣé ó máa ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sà níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, tí òjò ń rọ̀, tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, àbí orí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ti mọ iṣẹ́. Ìkẹrin, ta ló máa lò ó? Irinṣẹ́ tí awakọ̀ yín ò lè lò, ẹrù ni.

Ó tún ku ohun kan tó yẹ ká fẹnu kò lé lórí ká tó wọ ọjà. Kóòdù kì í ṣe ìdájọ́, ẹjọ́ ni búréènì bọ́ọ̀sì ń rò. Ó rí iná tí kò yé e lórí wáyà kan, ó wá ń pariwo. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́, ó lè jẹ́ wáyà ló já, ó lè jẹ́ bátìrì ni ò lágbára, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísù bíi Cummins àti Yanmar ló máa ń jẹ́ kí èyí yéèyàn jù, torí nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń gbé jáde pọ̀, SPN àti FMI. SPN ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, FMI ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. SPN 100 ni ọ́ìlì prẹ́ṣọ̀, SPN 110 ni ooru omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, SPN 168 ni iná bátìrì. Tẹ́ ẹ bá rí SPN 100 pẹ̀lú FMI 1, ọ́ìlì prẹ́ṣọ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ SPN 100 kan náà pẹ̀lú FMI 3, 4 tàbí 5, ọ̀rọ̀ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń bá yín sọ: 3 ni pé iná tó ń wọlé látorí wáyà yẹn pọ̀ jù, 4 ni pé ó kéré jù, 5 ni pé ó jọ pé ibì kan ti já. Ẹ ṣì wo ọ́ìlì o, ẹ má dá kọ̀ǹpútà nìkan gbọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹ tọ wáyà yẹn láti ìdí dé orí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kíka kóòdù àti mímọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ méjì ni, irinṣẹ́ tó sì ń ṣe èkínní dáadáa lè máà mọ nǹkan kan nípa èkejì.

Iná àti alámù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni èyí, ẹ ti sanwó ẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Suzuki á máa fi iná ṣẹ́jú, ẹ̀yin á máa kà á. Àwọn Yamaha tó ti pẹ́ díẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ àmọ́ ẹ máa nílò iná kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ púlọ́ọ̀gì ìdánwò tó wà lábẹ́ fìlà ẹ́ńjìnnì. Àwọn tuntun á kàn kọ nọ́ńbà sójú géèjì. Lára Yamaha, 13 ni pulser coil (kọ́ìlì tó ń sọ ìgbà tó yẹ kí iná ta lójú púlọ́ọ̀gì), 15 ni sẹ́ńsọ̀ ooru, 18 ni sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù, 19 ni pé iná bátìrì ò dáa, 44 ni súwíìṣì okùn pajáwìrì tí awakọ̀ máa ń so mọ́ra. 44 yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí àwọn èèyàn máa ń pe mekáníìkì láti òdìkejì omi wá, wọ́n á sanwó ọkọ̀ fún un, ó sì lè jẹ́ pé kílíìpù okùn yẹn ló yọ lára súwíìṣì.

Ibi tó kù sí ni pé kò sọ fún yín bóyá nǹkan yẹn ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ àbí ó ti ṣẹlẹ̀ lánàá kó tó lọ. Ìkìlọ̀ tó ń fún yín lójú omi ló wúlò jù. Tí alámù bá dún tí ẹ́ńjìnnì sì fúnra ẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 2000 rpm, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tí kò gòkè mọ́, ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì bóyá omi ṣì ń tú jáde nínú ihò kékeré yẹn. Tí omi ò bá tú mọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kẹ́ ẹ wo ibi tó ti ń fa omi, torí ní ọ̀sà Èkó yìí, ọ̀rá pure water àti ewéko tó ń léfòó kiri ló máa ń dí i jù. Kò sí skánà tó máa yọ ọ̀rá fún yín.

Mítà àti iná tẹ́sítà

Òun ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fi bò. Mítà onínọ́ńbà tó dáa, tó ń dún "tíìn" tí iná bá ń kọjá gaara láti ìdí wáyà dé orí, ẹ máa rí i ní Alábà, owó ẹ̀ ò sì sún mọ́ ti skánà rárá. Ẹ fi tẹ́sítà oníná kún un, ìyẹn gúlóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, torí mítà lè fi 12 hàn yín lórí wáyà tó kù okùn irun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gúlóòbù ò ní tàn dáadáa níbẹ̀, ẹ sì ti mọ̀ nìyẹn pé wáyà náà ò lè gbé ẹrù.

Bátìrì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fi bíi 12.6 sí 12.7 volt hàn, 12.2 ti di ìdajì. Tó bá ti wà lábẹ́ 12.0 kó má tiẹ̀ kúrò ní jẹ́tì. Tẹ́ ẹ bá ń sítáàtì, kó má wálẹ̀ kọjá 9.6. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5, tó bá dúró sí 12 péré, kò sí ohun tó ń wọ bátìrì, tó bá ń lọ sí 16, rẹgulétọ̀ ti ń ya wèrè, ẹ sì máa rí i pé oríṣiríṣi kóòdù á máa yọ tí kò jọra wọn. Kóòdù mẹ́ta mẹ́rin tó yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó kan sẹ́ńsọ̀ tí kò mọ ara wọn rí, iná bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà nẹ́gẹ́tífù tó kan ara irin ẹ́ńjìnnì) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀.

Ìdánwò tó wúlò jù, tí ọ̀pọ̀ rìwáyà kì í sì í ṣe, ni èyí. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí òjé bátìrì gan-an ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítífù, kì í ṣe sórí irin táàmíná o, òjé fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ fi èkejì sórí bóòtì kíkísítátà níbi tí wáyà ńlá ti wọlé. Kí ẹnì kan sítáàtì. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí ni iná tí wáyà yẹn ń jẹ lójú ọ̀nà. Tí kò bá tó 0.5 volt, kò burú. Tó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ẹ ti mú olè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tífù, láti òjé bátìrì sí ara irin ẹ́ńjìnnì, kí tibẹ̀ tiẹ̀ kéré jùyẹn lọ. Wáyà náà lè máa dán lójú, kí rọ́bà ẹ̀ má ní àpá kankan, ṣùgbọ́n ẹ fi abẹ sí rọ́bà yẹn lẹ́bàá táàmíná níbi tí wọ́n ti pọ̀n ọ́n, ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ máa rí i pé kọ́pà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, àtíkè aláwọ̀ ewé lásán ló ń dà sílẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Iyọ̀ ló fà á. Omi ọ̀sà wa kì í ní iyọ̀ púpọ̀ nígbà òjò, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á pọ̀ sí i, á wọ inú wáyà mọ́tò tí ẹnì kan fi ṣe wáyà bóòtù kó lè rà á ní ẹ̀dínwó. Wáyà bóòtù gidi, wọ́n fi táánganran bo kọ́pà ẹ̀, ó máa ń funfun nínú, ẹ bèèrè fún un.

Fún Enduro, mítà ni gbogbo ẹ̀. Ká ní iná ò yọ lójú púlọ́ọ̀gì, kí mekáníìkì tó ní kẹ́ ẹ ra CDI, ẹ yọ wáyà funfun tó ti súwíìṣì okùn pajáwìrì wá kúrò, kẹ́ ẹ wá fà á wò. Tí iná bá yọ, CDI ò ṣe nǹkan kan, súwíìṣì yẹn tàbí wáyà ẹ̀ ló ń kan ẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí ṣá pé súwíìṣì ò ní lè pa ẹ́ńjìnnì títí ẹ máa fi dá wáyà yẹn padà, chókì lẹ máa fi pa á. Ibi tí mítà lásán ti kùnà ni kọ́ìlì tó ń bọ́ CDI: iná ibẹ̀ máa ń fò fìrì ni, mítà á kà á ní àkàkùgbé, ẹ máa nílò adápítọ̀ tí wọ́n ń pè ní DVA láti kà á dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ ṣí ibi tí táńkì wà kí òórùn epo jáde. Ẹ má yọ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá ó ń ṣáájì, àwọn kan ṣì ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ rẹgulétọ̀ àti búréènì bọ́ọ̀sì ló ń sun lọ́nà bẹ́ẹ̀. Tí fíúùsì bá sì já, ẹ má fi wáyà dì í. Pọ́ńpù tó ń gbọ́n omi inú bóòtù ló máa ń fa fíúùsì jíjá jù, torí wáyà ẹ̀ ń sùn sínú omi, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti so ó kẹ́ ẹ tó fi òmíì sí i.

Fóònù àti skríìnì

Èyí wà fún ẹ́ńjìnnì tó ń sọ̀rọ̀ síta. Mercury tó ní SmartCraft, ìyẹn ètò tó fi ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì síta, ẹ lè so bọ́ọ̀sì kékeré kan mọ́ ọn, Bluetooth ni, áàpù Mercury (VesselView Mobile ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀) á wá máa fi kóòdù hàn yín lórí fóònù pẹ̀lú àlàyé tó yéèyàn. Àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù, NMEA 2000 lẹ máa gbà, ìyẹn wáyà kan ṣoṣo tó máa so ẹ́ńjìnnì, GPS àti géèjì epo pọ̀ mọ́ skríìnì Garmin, Simrad tàbí Raymarine. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ẹ máa rí nǹkan nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, lójú eré: volt ń wálẹ̀, ooru ń gòkè, ẹ máa rí i kí alámù tó dún. Ẹni tó ń gbé èrò, tó ní ẹ́ńjìnnì méjì lẹ́yìn, èyí wúlò fún un púpọ̀, torí á fi ọ̀tún wé òsì, èyí tó bá yàtọ̀ ló ní ẹjọ́.

Àmọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ sọ nìkan ni skríìnì máa gbọ́. Nígbà míì, "Check Engine" lásán ló máa kọ síbẹ̀ láìsọ nọ́ńbà. Wáyà NMEA 2000 fúnra ẹ̀ náà tún máa ń ṣàìsàn, tí gbogbo géèjì á kú lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yin á rò pé ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ pa iná ẹ̀, ẹ fi mítà wọn àárín CAN-H àti CAN-L, wáyà méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀: 60 ohm ló yẹ kẹ́ ẹ rí, torí tẹmínétọ̀ 120 ohm méjì ló wà ní orí àti ìdí. Tẹ́ ẹ bá rí 120, ọ̀kan ti yọ. Tó bá jẹ́ 40, ẹnì kan ti fi ẹ̀kẹta sí i, ó rò pé òun ń ṣe dáadáa. Ẹ wá rí i, mítà náà la tún padà sí.

Láptọ́ọ̀pù àti sọfitíwíà

YDIS ni ti Yamaha, SDS ni ti Suzuki, CDS G3 ni ti Mercury. Ìwọ̀nyí ló jinlẹ̀ jù. Wọ́n á sọ kóòdù tó ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tó ti kọjá, wọ́n á fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ hàn yín, ẹ sì lè pàṣẹ láti orí láptọ́ọ̀pù pé kí injẹ́tọ̀ kan ṣiṣẹ́ tàbí kí sílíńdà kan dákẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Owó ẹ̀ lé, àwọn kan sì wà tẹ́ ẹ máa máa tún láìsẹ́ńsì ẹ̀ san. Tí ẹ́ńjìnnì oríṣiríṣi bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín, TEXA àwọn ará Ítálì ń ka ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ pọ̀. Diacom sì dáa fún MerCruiser àtàwọn ẹ́ńjìnnì inú bóòtù tó ń lo epo bẹntiróòlù. Skánà mọ́tò tẹ́ ẹ rà ní Ládípọ̀ ò ní bá ojú púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn bóòtù mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ̀dà jìbìtì sọfitíwíà tí wọ́n ń kó wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kébù ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí kó máà mọ ẹ́ńjìnnì yín lọ́la, ẹ ò sì ní mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè.

Ibì kan ṣá wà tí láptọ́ọ̀pù ti ju gbogbo wọn lọ, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀. Ẹni tó ń tà á lè ní wákàtí díẹ̀ ló ṣe, búréènì bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ ti kọ wákàtí ẹ̀ sílẹ̀, àti iye tó fi sáré gidi nínú ẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra irinṣẹ́ yẹn fún ìyẹn, ẹ sanwó fún ẹni tó ní i kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ka owó sílẹ̀.

Rìwáyà àti ọ̀gá mekáníìkì

Mi ò ní kẹ́ ẹ má pè wọ́n. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ní wáráńtì, ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì tú nǹkan kan. Lẹ́yìn wáráńtì, ìwà ni kẹ́ ẹ fi yàn wọ́n. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà hàn mí lójú mítà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀." Èyí tó mọṣẹ́ á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀. Èyí tó bá ń bínú, tó ń sọ pé ọdún tóun ti ń ṣe é pọ̀, tó wá fẹ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ títí ọ̀kan á fi ṣiṣẹ́, owó yín ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá jẹ́ Enduro tàbí two-stroke míì tó ń lo kábúrétọ̀, mítà, tẹ́sítà oníná, púlọ́ọ̀gì kan àti fíúùsì sípéà nínú ike tí omi ò lè wọ̀. Ẹ má ra nǹkan míì.

Four-stroke ẹyọ kan, tẹ́ ẹ fi ń ṣe fàájì tàbí pẹja: mítà náà ni, kẹ́ ẹ tẹ àkójọ kóòdù ẹ́ńjìnnì yín jáde kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà ẹnì kan tó ní láptọ́ọ̀pù. Tó bá jẹ́ Mercury, ẹ fi ti fóònù kún un, ó tó ohun tẹ́ ẹ ń náwó lé.

Ẹni tó ń gbé èrò lójoojúmọ́, ẹ́ńjìnnì méjì lẹ́yìn, skríìnì NMEA 2000 ni kó kọ́kọ́ náwó lé lẹ́yìn mítà, kó sì kọ́ awakọ̀ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ ò lè máa tú fìlà ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà kí àwọn mọ̀mọ́ tó ń lọ ọjà máa ké Jésù.

Ẹni tó ní bóòtù bíi mẹ́rin márùn-ún sókè, kí gbogbo ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, kó wá ra sọfitíwíà ilé iṣẹ́ yẹn, ojúlówó. Tàbí kí àwọn oníbóòtù jẹ́tì kan dáwó jọ rà á, kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n ti rán lọ kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì nìkan ló yẹ kó ronú TEXA.

Ẹni tó sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó pe aláláptọ́ọ̀pù lónìí kó tó san ohunkóhun, kó sì ní kí ẹni tó ń tà á gbé bátìrì tó kún wá síbẹ̀, torí láìsí iná, búréènì bọ́ọ̀sì ò ní sọ nǹkan kan.